Ó mọ “commence”, kò mọ “bucket”: àkọsílẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ ará Ítálì kan ní Bedford

Obìnrin tí mò ń kọ nípa rẹ̀ yìí ti lé dáadáa ní ẹni ogójì ọdún nígbà tó dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wa ní Bedford, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbègbè Avellino ló ti wá, ní gúúsù Ítálì. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ló kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ragioniera ni wọ́n ń pe irú wọn lọ́hùn-ún, oyè tí wọn kì í fi ṣeré, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó ìwé owó ní iléeṣẹ́ kan kí iléeṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Ó wọ Ìlú Ọba kí àǹfààní tí àwọn ará Yúróòpù ní láti máa wọlé wá ṣiṣẹ́ láìgba físà tó dópin lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, torí náà ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé. Iṣẹ́ tó rí ni ti ilé ìdáná ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó: kó bó pòtétò, kó fọ abọ́, kó ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ lọ sí yàrá àwọn arúgbó.

Kò yani lẹ́nu pé Bedford ló forí lé. Láti nǹkan bí ọdún 1951 ni àwọn iléeṣẹ́ bíríkì tó yí ìlú yẹn ká ti ń lọ kó òṣìṣẹ́ wá láti gúúsù Ítálì, nítorí pé ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì pọ̀, òṣìṣẹ́ kò sì tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti ṣọ́ọ̀bù kọfí wọn. Díẹ̀ nínú àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kó bíríkì nígbà náà wà láàyè, wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọ̀kan nínú wọn á wọ ìtàn yìí tó bá yá.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé fún obìnrin yìí, àyọkà ìwé ìròyìn ni wọ́n fún un, nípa bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Ó kà á, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, ó tún ṣàlàyé “inflation” àti “consumption” fún ẹni tó jókòó tì í. Wọ́n gbé e sí kíláàsì òkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà, omi kọ̀ kò lọ mọ́ nínú síǹkì níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ fún ọ̀gá alásè ni pé: “The water does not descend.” Ọ̀gá wò ó duu. Ó tún un sọ, ó sì fi “Is obstructed” kún un. Kò yé ọ̀gá síbẹ̀. Àfìgbà tó fà á lọ́wọ́ débẹ̀. “Oh, the sink's blocked!” “Blocked” kì bá tí ṣòro, torí bloccato wà lédè tirẹ̀. “Sink” gan-an ni kò sí lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ “tap”, kò mọ “drain”. Ó mọ “commence”, “sufficient” àti “comprehend”. Kò mọ “bucket”, “peel”, “wipe” àti “spill”.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ohun tó jẹ́ lónìí ló fà á. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, Faransé di èdè ààfin àti ilé ẹjọ́, Látìn sì wà lẹ́nu àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ wọn rọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ti oko, ti ara èèyàn àti ti iṣẹ́ ọwọ́ kò kúrò níbi tí àwọn Anglo-Saxon, tó ti ń gbé ilẹ̀ náà ṣáájú wọn, fi í sí. Màlúù tó ń jẹko jẹ́ “cow”. Ó dé inú abọ́ olówó, ó di “beef”. Ará Ítálì tó bá rí “pork” á rántí porco, “beef” á mú un rántí bue. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí “pig” àti “cow” á rán an létí. Èdè rẹ̀ bá Látìn tan, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ààfin ló kọ́kọ́ ń ṣílẹ̀kùn fún un. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìdáná kò mọ̀ ọ́n rí.

Ibí yìí gan-an ni olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ti lè ṣìnà. Kẹ́túlù, báàkẹ́ẹ̀tì, táwẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì, fọ́ọ̀kì, búrẹ́dì: gbogbo wọn ti wà nílé wa kí a tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Ọmọ tó ń lógùn lórí “photosynthesis” ní Ìbàdàn ti ń gbé báàkẹ́ẹ̀tì lọ síbi omi láti kékeré. Òdìkejì èyí ni ti ará Ítálì. Fotosintesi ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, “photosynthesis” kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Bí o bá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ìwọ náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ohun tó ti ní lo ó máa kó fún un, á sì máa mì orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ìwọ náà á rò pé iṣẹ́ ń lọ.

Kó tó dọ́dọ̀ mi, òun náà ti gbìyànjú. Áàpù kan wà lórí fóònù rẹ̀ tó ń lò nínú bọ́ọ̀sì, ó sì ń gba máàkì níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo wo ibi tó ti dé: ó lè túmọ̀ “The girl reads the newspaper” kíá, ó lè yan èsì tó tọ́ nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kéèyàn dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lójú, kó sì tún mú un jáde lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ó tún máa ń wo fíìmù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ èdè Ítálì sí nísàlẹ̀. Mo ní kó mú ọ̀rọ̀ kan wá látinú èyí tó wò lálẹ́ àná. Ìtàn fíìmù náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, látòkè délẹ̀, lédè Ítálì. Ítálì tí èmi gbọ́ kò ju èyí tí mo lè fi ra tòmátì lọ, àmọ́ mo gbọ́ tó láti mọ̀ pé ojú rẹ̀ ló wo fíìmù náà, etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìwé tí a ń lò ní kíláàsì to ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka-ẹ̀ka: ojú ìwé kan fún ohun èlò ìdáná, òmíràn fún aṣọ, òmíràn fún ẹ̀yà ara. Àwòrán rẹ̀ dára. Ó kọ́ “jug”, “bowl”, “ladle”, “sieve”, “tray” àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dà wọ́n kọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, lẹ́tà tó tò gbọnrangandan bí ó ṣe yẹ akọ̀wé owó. Lọ́sẹ̀ kejì ó mọ gbogbo wọn, kò kàn mọ èwo lèwo ni. Wọ́n ní kó mú “jug” wá, ó gbé “bowl”. Wọ́n ní “ladle”, ó mú asẹ́. Thomas Tinkham tẹ ìwádìí jáde lórí irú èyí lọ́dún 1993: ọ̀rọ̀ tuntun tí ìtumọ̀ wọn bára tan, téèyàn bá kọ́ wọn pọ̀, wọ́n máa ń pẹ́ wọlé ju ọ̀rọ̀ tí kò bára tan lọ, torí ńṣe ni wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ṣì ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo fura pé nítorí pé ó rọrùn láti ya àwòrán rẹ̀ ni.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni “kitchen” àti “chicken”. Ẹni tó bá ti kọ́ ará Ítálì rí á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ó lè sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ “in the chicken”, kó sì ní ọ̀gá ti gbé “kitchen” sínú ofúùnù. Èèyàn á ní nítorí pé ìró wọn jọra ni. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú àkọtọ́ èdè Ítálì, “ch” tó wà níwájú “i” tàbí “e”, “k” ló ń dún. Chiesa, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì, “k” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Ìró tí Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ “chicken”, “c” lásán làwọn fi ń kọ ọ́ níwájú “i”, bíi nínú ciao. Nítorí náà, tó bá ti rí “chicken” lára pátákó oúnjẹ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ á sọ fún un pé “k” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ á ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun á sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mo yà wọ́n nípa. “Chicken” ni a kọ́kọ́ mú, “kitchen” dúró sẹ́yìn títí èkíní fi jókòó dáadáa. A kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Mo gbà á sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ nínú gbólóhùn tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ gan-an: “The chicken's in the fridge.” Ó ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, ó sì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí n tó fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn án. Àtìgbà yẹn, etí ló ń kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ tuntun kí ojú tó rí i. Ó kọ́kọ́ ṣàròyé, torí akọ̀wé ni, ohun tí kò bá sí lórí ìwé kì í fọkàn tán an.

Ní ti ìró tó kù, mi ò yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Ítálì kì í sábà parí sí kọ́ńsónáńtì, torí náà fáwẹ́lì kékeré kan máa ń yọ jáde lẹ́yìn “bread” àti “milk” rẹ̀. Àwa tí a sọ bread di búrẹ́dì, kí ni a fẹ́ wí? “H” náà ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, “hungry” àti “angry” sì di ọ̀kan, èyí tó ń dẹ́rìn-ín pa àwọn arúgbó kan. “Sheet” nìkan ló di wàhálà. Ẹnìkan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ pé èébú ló ń bú, látọjọ́ náà kò sọ ọ́ mọ́. “Linen” ló fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá lino ti èdè tirẹ̀ tan. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, ibùsùn sì ń gba aṣọ mímọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni òwúrọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ní: “He's had a slip in the bathroom, can you come?” Obìnrin yìí sáré lọ síbi tí wọ́n ń kó aṣọ fífọ̀ sí, ó mú pátá ọkùnrin kan tó mọ́, ó sì gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ó bá bàbá arúgbó kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Ọpẹ́ ni pé kò ṣèṣe, àmọ́ inú bí nọ́ọ̀sì, ó rò pé ó ń fi òun ṣeré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé slip wà nínú èdè Ítálì òde òní. Wọ́n yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pátá ni wọ́n sì fi ń pè.

Ó dé kíláàsì lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n. “Prof,” ó ní, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn, “bó bá jẹ́ pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà ni, mi ò bá béèrè. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni. Ṣé irú rẹ̀ ṣì pọ̀?” Mo ní, “Signora, ẹ jókòó, ó pọ̀.” A jọ wá wọn jáde. Box lẹ́nu wọn ni ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Golf lè jẹ́ súwẹ́tà. Smoking ni kóòtù òde ńlá. Ticket ni owó díẹ̀ téèyàn ń san nílé ìwòsàn ìjọba. Nígbà tó yá, ó wò mí, ó bi mí bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìwé owó oṣù ní “payslip”. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Látìgbà náà ni mo ti yí bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ padà. Ìwé kún fọ́fọ́ fún ọ̀rọ̀ tó jọra lójú tí ìtumọ̀ wọn kò jọra láàárín èdè méjèèjì, bí eventualmente tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “tó bá ṣeé ṣe” tí “eventually” kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí báǹkì nílò ìyẹn. Èyí tó lè pa èèyàn lára tàbí dójú tini níbi iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. Àpẹẹrẹ kan ni ẹnu ẹ̀rọ omi. Ní Ítálì, “C” lára rẹ̀ dúró fún caldo, omi gbígbóná. Ní Ìlú Ọba, “C” ni “cold”. “H” kò ṣòro láti kọ́, “C” ni ìdẹkùn, torí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àpẹẹrẹ kejì ni parenti, ìyẹn ìbátan. Ó ti kéde rí fún gbogbo ilé pé “parents” ìyá àgbàlagbà kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún ń dúró níta. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá náà ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti oúnjẹ àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ìlànà IDDSI tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba pín oúnjẹ àti ohun mímu sí ìpele 0 dé 7: ìpele 4 ni “pureed”, 5 ni “minced and moist”, 6 ni “soft and bite-sized”. “Pureed” kò ní í lára, purè wà lédè rẹ̀. Ṣùgbọ́n “soft”, “lump”, “thick”, “thin”, “bite”, ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ẹ̀mí arúgbó so mọ́, kò sí ìkankan tó jọ tiwọn. Morbido ni wọ́n ń pe ohun tó rọ̀, torí náà ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé “The potato is morbid.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Bí kókó bá wà nínú oúnjẹ ìpele 4, tí ẹni tó rí i kò ní “lump” lẹ́nu láti fi kìlọ̀, oúnjẹ lè há arúgbó lọ́fun. Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ṣíwájú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé wa.

Bí a ṣe wá ń ṣe é nìyí. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ́n ọn níbi iṣẹ́, á ya fọ́tò nǹkan náà, tàbí kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lédè Ítálì. Lọ́jọ́ kíláàsì, a óò mú díẹ̀ nínú wọn, láti ibi tí kò bára tan: ọ̀kan láti ibi síǹkì, ọ̀kan láti ibi aṣọ, ọ̀kan látinú ọ̀rọ̀ tí arúgbó kan sọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ inú gbólóhùn kúkúrú tó lè sọ lọ́la òde yìí, “The bin's full”, “We've run out of milk”, “Mind the wet floor”, a ó sì gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni káàdì, ọ̀rọ̀ níwájú, ìtumọ̀ lẹ́yìn. Sebastian Leitner, ẹni tó tẹ ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1972, ló ní kéèyàn máa fi àpótí onípele ṣe é: káàdì téèyàn bá gbà á lọ síwájú, sí ibi tí wọn kì í tètè yẹ̀ wò, èyí téèyàn bá gbàgbé á padà síbi àkọ́kọ́. Ibí yìí ni ragioniera ti jí nínú rẹ̀. Ó fa ìlà sínú ìwé, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wọlé, ọjọ́ tó jáde, iye tó wà nílẹ̀. Ó ń ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ lópin oṣù bó ṣe ń ṣe ìṣirò owó ní Avellino. Mi ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, mo sì gbà pé ìwé náà ṣe é láǹfààní ju káàdì lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe oníbejì, irú “put off”, “carry on”, “find out”, ló gùn jù. Nílé ìtọ́jú kò sẹ́ni tó ń sọ pé “extinguish the light” tàbí “eliminate the old bread”. “Turn off” àti “get rid of” ni wọ́n ń sọ. Ní ti èyí, a lo ọ̀rọ̀ ńlá tó ti mọ̀ gẹ́gẹ́ bí afárá. Lẹ́yìn káàdì “carry on”, kì í ṣe èdè Ítálì ló wà níbẹ̀, “continue” ni. Lẹ́yìn “put up with”, “tolerate”. Lẹ́yìn “fill in”, “complete”. Nípa báyìí Gẹ̀ẹ́sì ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un, ohun tó kó wá láti ilé ẹ̀kọ́ kò sì ṣòfò. Gbígbọ́ rẹ̀ tètè dé. Sísọ rẹ̀ kò tíì dé tán, “return” ṣì ń ṣíwájú “give back” lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìpalára fún, nítorí náà mi ò lé e.

Bàbá tí mo ní á wọ ìtàn ni ẹnì kejì tó yí nǹkan padà. Iṣẹ́ bíríkì ló gbé e wá ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbogbo ayé rẹ̀. Àrùn ìgbàgbé wá mú un, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ tó kọ́ èdè kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà, pé èyí tí wọ́n bí wọn sí ló ń kù sílẹ̀. Àwọn olùtọ́jú rò pé ó ń kọ oúnjẹ. Ó ń pariwo “Scotta! Scotta!”, ó sì ń ti abọ́ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá, ó gbọ́. Ó ní, “It's too hot for him.” Wọ́n fẹ́ ọbẹ̀ náà sí atẹ́gùn, bàbá mu ún tán.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá a pè láti ilé ìdáná. Obìnrin tó ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn síǹkì wá di ẹni tí gbogbo ilé ń dúró dè kó ṣí ẹnu. Wàhálà ni pé gbogbo ohun tí bàbá ń sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní: ẹ̀yìn ń yún un, ìrọ̀rí ga jù, ọrùn gan. Lọ́jọ́ kan bàbá ń fi ọwọ́ bo ọrùn, ó ń sọ pé “C'è corrente.” Ó túmọ̀ rẹ̀ fún olùtọ́jú pé “There is current.” Olùtọ́jú sáré lọ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri. Atẹ́gùn tó ń wọlé látojú fèrèsé ni bàbá ń sọ. Ẹni tó bá mọ àwọn ará Ítálì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù atẹ́gùn lọ́rùn tó. “Draught” ni ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí àkọtọ́ rẹ̀ burú débi pé mi ò ní dábàá láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. “Itch”, “pillow” àti “stiff” náà wọlé bẹ́ẹ̀, láìsí káàdì.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ìtìjú ń bẹ ní ìdí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ ragioniera kò fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún pé kí ni wọ́n ń pe ṣíbí. Ó sàn fún un kó sọ “the instrument for the soup”, kó fi ọwọ́ júwe. Nígbà tí wọ́n ti ń bi òun náà ní ìbéèrè, “Kí ni bàbá ń sọ?”, ìbéèrè kò jẹ́ ẹ̀gàn mọ́. “What do you call this?” bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló wá ń jókòó dè é láàárọ̀ láti máa dárúkọ ohun tó wà lórí tíréè fún un.

Ó ti gba ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó oúnjẹ báyìí, ìyẹn Level 2 tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, ó sì ti ń dáná fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kò bá sí. “Kitchen” àti “chicken” ṣì ń pàdé lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àgbàlagbà, ẹ má jẹ́ kí ìwé kíkà nìkan pinnu kíláàsì tí ẹ óò gbé ará Ítálì sí. Ẹ fún un ní àyọkà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tún fún un ní fọ́tò yàrá tó dàrú, kí ó sọ ohun mẹ́wàá tó yẹ ní títúnṣe nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ yín. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ tó ṣí ìwé. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ní ewu nínú, ẹ wá ọ̀rọ̀ ewu ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì wádìí Gẹ̀ẹ́sì tí èdè tirẹ̀ ti yá, torí òun kò ní béèrè nípa ìyẹn láéláé. Ọ̀rọ̀ méjì tó bá jọra létí, ẹ má fi hàn án lọ́jọ́ kan náà, kódà bó bá jẹ́ pé ó wà lójú ìwé kan náà. Bí ó bá sì rí ọ̀nà gbà yẹ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ ń lọ, bíi “linen” yẹn, ẹ lo àkókò yín fún nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà yìí á bá àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì tàbí Pọtogí náà mu, nítorí àwọn náà kó Látìn wá. Àmọ́ ìdẹkùn kálukú yàtọ̀, ìwé tí mo fi kọ́ ará Avellino kò ní ṣiṣẹ́ fún ará São Paulo. Fún ti Brazil, ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: “puxe” ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láti ní kéèyàn fà á, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi “push”.